Àjọ Tí Ó Kù N'Èbúté Èrò

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ta ni yóò wá tu ọmọ náà nínú, bí ìyá bá ń ṣarán, tí ó ń di ẹrù ọjà lóru, tí kò sì mọ orúkọ ọmọ mọ́? Àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe àjẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ n'Ìdíkàn ní 1992. Síbẹ̀, ìtìjú ń sé ilé mọ́ olùtọ́jú.

Ẹgbẹ́ kò wọ́n l'Èbúté Èrò. Kí ẹni tí ó ti tọ́jú irú òbí bẹ́ẹ̀ rí yọ̀ǹda ara rẹ̀, kí ó máa kó àwọn olùtọ́jú jọ lẹ́yìn ìpàdé: kí wọ́n sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, kí wọ́n kọ́ bí ohùn pẹ̀lẹ́ ti í dá arúgbó padà láìjiyàn. Owó nìkan kọ́ ni ènìyàn ń dá lájọ; ìtùnú náà ṣeé dá.