Ta ló ń bá wa bi kánsù léèrè?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Dọ́pẹ̀mú, ẹ tan fóònù yín wò. Ẹ ó rí skit, ẹ ó rí bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí ìjà àwọn gbajúmọ̀. Àmọ́ ìgbà wo lẹ rí ètò kan tó pe alága kánsù yín jókòó, tó sì bi í pé, "Ọ̀gá, gọ́tà àdúgbò wa ńkọ́?"

Àwọn kan ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1968, ọdún tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King, inú ń bí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gidigidi. Ìgbìmọ̀ Kerner tí ìjọba wọn gbé kalẹ̀ sọ ọ́ lọ́dún náà pé ojú aláwọ̀ funfun làwọn oníròyìn fi ń wo gbogbo nǹkan. Ọdún yẹn gan-an ni tẹlifíṣàn WGBH ní Boston bẹ̀rẹ̀ ètò "Say Brother". Aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ àdúgbò wọn ló sì ń sọ.

Lọ́dún 1970, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní ìlú New Bedford. Ètò náà gbé ohùn àwọn ará ibẹ̀ jáde, ni iléeṣẹ́ bá dá a dúró. Ṣé àwọn tó ń wò ó wá dákẹ́? Rárá o! Wọ́n fẹ̀hónú hàn títí ètò náà fi padà. "Basic Black" ni wọ́n wá ń pè é lẹ́yìn náà. Tẹlifíṣàn ló bí i lóòótọ́, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ni ò jẹ́ kó kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì síjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o l'Ékòó. Láti 1980, nígbà ìjọba Jakande, la ti ní LTV, àmọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń bójú tó. Ní July 11, 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Tówó bá ń lọ tààrà, ó yẹ kí ìbéèrè náà máa lọ tààrà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí à ń pariwo lórí X?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ariwo kì í pẹ́ rọlẹ̀. Tó bá dọ̀la, ọ̀rọ̀ míì ti gbòde. Ètò ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló lè padà wá sọ pé, "Ẹ ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dà?" Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń lé wọn síbi iṣẹ́.

Èèyàn mẹ́ta, fóònù kan àti máíkì kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Dọ́pẹ̀mú, ẹ gbọ́ tẹnu ìyá oníṣòwò àti awakọ̀ danfo, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ bá kánsù. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ fi àga wọn sílẹ̀ lófìfo kí gbogbo ayé rí i. Kí tẹlifíṣàn àti rédíò wa náà fi ààyè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀.

Bí ètò náà bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pa á. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.