Ohun tí Ó Ń Mú Kí Àwòrán inú Àwo Fídíò Dára

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òwe yìí bá àwo fídíò òde òní mu. Láti ọdún 2006 tí àwo Blu-ray ti dé orí àtẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ náà bá ti wà lára páálí, àwòrán inú rẹ̀ kò lè ṣe aláìmọ́ gaara. Èrò yìí kò tọ̀nà. Iṣẹ́ tí a ṣe kí àwòrán tó dé inú àwo ni ó ṣe pàtàkì ju àwo fúnra rẹ̀ lọ.

Òtítọ́ ni pé àwo yìí lágbára. DVD tí ó ní ìpele kan gba nǹkan bíi gigabyte 4.7, Blu-ray irú rẹ̀ gba 25, èyí tí ó ní ìpele méjì sì gba 50. Àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀ jẹ́ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òòró. Ti DVD ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò ju 720 àti 480 lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ìkòkò tóbi tó, ohun tí a bá sè sínú rẹ̀ ni a ó jẹ.

Èkíní ni orísun àwòrán. Kámẹ́rà fídíò kékeré ni a fi ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù 28 Days Later ti ọdún 2002. Kò sí àwo tí ó lè fi ohun tí kámẹ́rà náà kò rí han òǹwòran. Ṣùgbọ́n fíìmù Lawrence of Arabia ti ọdún 1962, tí ó dàgbà jù ú lọ ní ogójì ọdún, mọ́ kedere nínú àwo ọdún 2012, nítorí pé fíìmù tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 65 ni a fi yà á, a sì fara balẹ̀ tún un ṣe.

Èkejì ni ọ̀nà tí a gbà fún àwòrán pọ̀ kí ó lè wọ inú àwo. Bí a bá fún un jù, èéfín, omi àti òkùnkùn yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú òǹwòran.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: àfọ̀jù. Fíìmù ní hóró kéékèèké tirẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ pa á rẹ́, irun orí àti ojú awọ ara yóò bá a lọ, ènìyàn yóò sì dà bí ẹni tí a fi ìda mọ. Ẹ̀bi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹwòran dá àwo Predator tí ó jáde ní ọdún 2010. Àwọn kan lè wí pé àwòrán tí ó ń dán ni ó wu àwọn. Ṣùgbọ́n dídán yàtọ̀ sí òtítọ́, iṣẹ́ ẹni tí ó ya fíìmù kì í sì í ṣe ti ẹni tí ń fọ̀ ọ́.

Nítorí náà, kí olùrà ṣe ìwádìí kí ó tó náwó: kí ni a fi ya fíìmù náà, báwo ni a sì ṣe tọ́jú rẹ̀? Kí àwọn tí ń ṣe àwo pẹ̀lú rántí pé ohun àtijọ́ ni a fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí a fi ohun ṣọ́ kò gbọdọ̀ bà á jẹ́ ní orúkọ àtúnṣe.