Sónà tàbí Kámẹ́rà: Èwo Ni Kí Apẹja Orí Yìnyín Rà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí àkọlé yìí ṣí ojú ewé yìí kọjá. A mọ̀ dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa tó ń pẹja lórí yìnyín. Yìnyín tí àwa mọ̀ kò ju èyí tó ń bẹ nínú fíríìjì lọ, àti èyí tó máa ń bá òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé wa. Ó pín wa sí ọ̀nà méjì, a kò sì rí i yanjú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ olóòtú rò nípa rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí rí, tó wá di ará Minnesota ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ló fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa. Òun àti àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́ta mìíràn ti kọ́ bí a ṣe ń pẹja nígbà òtútù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dá owó jọ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni owó náà sì ká. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ìwé báyìí. Ṣé sónà ni ká rà ni, àbí kámẹ́rà abẹ́ omi?” Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà rín. Nígbà tí a jókòó tì í, a rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Minnesota ní adágún tó lé ní 11,000, tí èyí tó kéré jù nínú wọn kò dín ní éékà 10. Bí òtútù bá mú, ojú àwọn adágún yìí a dì gbagidi. Omi ní ìwà kan tó yani lẹ́nu: ìgbà tó bá wà ní ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló wúwo jù lọ. Èyí tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa léfòó, òun náà ló ń di yìnyín lókè, tí ìsàlẹ̀ yóò sì wà ní omi. Ibẹ̀ ni ẹja ń gbé títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Apẹja yóò lu ihò tí kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, yóò jókòó tì í, yóò sì sọ ìwọ̀ sílẹ̀. Walleye, yellow perch àti crappie ni ẹja tí wọ́n sáàbà máa ń wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé afọ́jú ni apẹja náà sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síwájú. Ẹni tó wà lórí yìnyín ní láti lu ihò tuntun ní gbogbo ibi tó bá fẹ́ dán wò, nínú òtútù tó lè ba ọmọ ìka jẹ́.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn kámẹ́rà ló kọ́kọ́ pọ̀ jù nínú ìpàdé wa, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá. Àwọn àgbà ti wí fún wa pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Kámẹ́rà kékeré yìí, wáyà gígùn ni wọ́n fi ń so ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, àwòrán yóò sì máa jáde lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣàn kékeré níwájú apẹja. Bí ẹja bá dé, ẹ ó rí ojú rẹ̀, ẹ ó rí ìpẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i bó ṣe ń yẹ ìjẹ wò bí obìnrin tó ń yẹ tòmátò wò lọ́jà. Sónà ńkọ́? Àwọ̀ àti ìlà lásán ni. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní, ta ni yóò fi owó ra àmì nígbà tó lè fi ra àwòrán?

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n a kò gbà. Ìròyìn kò tó àfojúbà lóòótọ́, bí ojú bá ríran. Lábẹ́ yìnyín, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Yìnyín tó mọ́ gaara máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí òjò dídì bá ti bò ó mọ́lẹ̀, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni walleye, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ràn láti máa jẹun, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tàbí tó ń ṣú lọ. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà mọ èyí, wọ́n sì fi iná sí i lára. Ṣùgbọ́n nínú omi tó bá ní ẹrẹ̀, ara ẹrẹ̀ yẹn ni iná náà yóò ti ta padà sí ojú kámẹ́rà. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò lóru nínú eruku ọyẹ́ ní ìhà àríwá wa níbí, tí dírẹ́bà tan iná ńlá, mọ ohun tí à ń wí. Bí iná ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ń dàrú.

Omi adágún kò sì rí bákan náà. Omi Upper Red Lake ní àríwá Minnesota pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tí a ti re ewé sí. Apá gúúsù Lake Winnipeg ní Kánádà kún fún ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn apẹja ń rọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún nítorí walleye. Bí ẹ bá sọ kámẹ́rà sí irú omi bẹ́ẹ̀, ẹja lè dúró nítòsí kí ẹ má mọ̀. Ọ̀rọ̀ ti Mille Lacs yàtọ̀. Ní 2005 ni wọ́n rí zebra mussel níbẹ̀, ẹ̀dá kékeré oníkarawun tí ọkọ̀ òkun gbé wọ Amẹ́ríkà láti òkè òkun. Ńṣe ló máa ń sẹ́ omi bí asẹ́ kí ó tó rí oúnjẹ jẹ, nítorí náà ibi tó bá ti pọ̀, omi a máa mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé irú adágún bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń lọ lè rí èrè kámẹ́rà jẹ. Ẹ̀gbọ́n wa sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé ibi tí ọ̀nà bá gbé àwọn gbà ni àwọn ń lọ.

Sónà ní tirẹ̀ kò bá ojú ṣe. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dúró níwájú òkè kan tí ẹ kígbe, gbohùngbohùn yóò dá yín lóhùn. Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ mọ̀ pé òkè náà jìnnà. Ohun tí sónà ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n sọ sínú ihò ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì ń ka ìgbà tó gbà kó tó padà. Nínú omi tútù, ìró ń rin nǹkan bí 1,400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìsàlẹ̀ bá jìn tó mítà 10, àlọ àti àbọ̀ kò ju ìdá 14 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹja ló máa ń dá ìró náà padà jù. Ẹ ó rí ilẹ̀ adágún, ẹ ó rí ìjẹ yín bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó sì rí ìlà mìíràn tó ń gòkè bọ̀ wá bá a. Nígbà náà ni ọwọ́ yín yóò mọ ohun tí yóò ṣe: kí ẹ gbé ìjẹ sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ dúró jẹ́ẹ́.

Ohun tó mú wa dúró sẹ́yìn sónà nìyí. Láti ojú yìnyín dé ilẹ̀ adágún ló ń wò lẹ́ẹ̀kan náà. Crappie, fún àpẹẹrẹ, sáàbà máa ń rọ̀ sí àárín omi nígbà òtútù, kò sí lókè, kò sí nílẹ̀. Kámẹ́rà tí ẹ sọ dé ilẹ̀ yóò máa wo koríko nígbà tí ẹgbẹ́ ẹja ń kọjá lórí rẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà tí ẹni tó kọ́ ọ rí ṣe wá ní ìyanu. Bí yìnyín bá mọ́, tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, apẹja lè da omi díẹ̀ sí i lórí, kí ó gbé ẹ̀yà sónà lé ibẹ̀, yóò sì mọ bí ìsàlẹ̀ ṣe jìn tó láìtíì lu ihò kankan.

Ó dùn mọ́ wa pé yìnyín gan-an wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí wá. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì ní 1912, Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà, fi ìró inú omi rí òkè yìnyín lójú òkun ní 1914. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, Paul Langevin ní Faransé lò ó láti wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ Furuno ní Jàpáánù sọ ọ́ di ti apẹja, nígbà tó sì di 1959, Lowrance ní Amẹ́ríkà ti ṣe èyí tó kéré tó ẹni kan lè gbé, inú àpótí aláwọ̀ ewé.

A kò ní torí pé à ń gbè sẹ́yìn sónà ká wá purọ́. Ibi tí omi kò bá jìn, ojú sónà kéré. Ìró rẹ̀ ń tàn bí àrọ tí a dojú rẹ̀ dé: bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n 20, ní mítà 10 yóò rí àyíká tó tó mítà mẹ́ta àbọ̀, ṣùgbọ́n ní mítà mẹ́ta kò ní ju mítà kan lọ. Ẹja tó bá fi ikùn lélẹ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ kó má ṣeé yà sọ́tọ̀. Sónà kò sì lè sọ irú ẹja tó dé. Kámẹ́rà ló ń sọ ìyẹn. Òun náà ló sì ń tú àṣírí perch, tó máa ń fa ìjẹ sẹ́nu, tí yóò tún tu ú dànù, tí ọwọ́ apẹja kò ní mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ irú ẹja yìí ló sì jẹ wá lógún jù, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Perch, crappie àti walleye kò lè tètè tú afẹ́fẹ́ inú àpò wọn. Bí a bá fà wọ́n wá sókè láti ibi tó jìn ju nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án lọ, àpò náà a wú, a sì ba inú wọn jẹ́. Apẹja tó bá dá irú ẹja bẹ́ẹ̀ padà sómi, tó ní òun ṣàánú rẹ̀, òkú ẹja ló sáàbà máa ń dá padà. Àwọn onísónà tó ń fa ẹja kéékèèké sókè ní ibú, tí wọ́n ń jù wọ́n padà kí wọ́n lè máa ṣeré lọ, kò bójú mu lójú wa. Bí sónà bá ti wí pé ìsàlẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n wa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa ìwọ̀n tí òfin gbà tí wọ́n sì fẹ́ jẹ, kí wọ́n ká ìwọ̀ kúrò ńlẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ìdí yìí nìkan tó láti ra kámẹ́rà. Ìdáhùn wa ni pé inú ibú náà ni òkùnkùn pọ̀ sí jù.

Ẹnìkan tún ní kí wọ́n fi owó kún owó, kí wọ́n ra irú LiveScope tí Garmin gbé jáde ní 2018, tó ń fi ìró ya àwòrán ẹja bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Àwọn apẹja Amẹ́ríkà fúnra wọn ń jà lé e lórí pé ó ń fi ìyà jẹ ẹja. Níbi ọdún ẹja Argungu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1934, àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ni wọ́n ń mú wọ omi, ẹja ńlá sì ń jáde. Èyí tó tún bà wá lẹ́rù ni pé ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó. Yóò máa lé ẹja kiri, ihò lórí ihò, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ẹ̀rọ.

Ojú yẹn ni wọ́n nílò fún yìnyín. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Minnesota tó ń bójú tó omi àti igbó kìlọ̀ pé yìnyín tuntun tó mọ́ gbọ́dọ̀ nípọn tó íǹṣì mẹ́rin kí ènìyàn tó fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, pé èyí tó funfun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àti pé kò sí yìnyín tó ṣeé fọkàn tán pátápátá. Kò sí nínú ẹ̀rọ méjèèjì èyí tí yóò sọ fún wọn pé yìnyín tó wà níwájú ti fẹ́lẹ́.

Nítorí náà, sónà ni kí ẹ̀gbọ́n wa rà, èyí tí kò wọ́n jù. Bí ó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá èésú fún kámẹ́rà kan, kí ẹni tó bá ń lọ sí adágún tó mọ́ máa gbé e. Kí wọ́n ṣẹ́ lára owó tọdún yìí ra ọ̀pá irin tí wọ́n ó máa fi gún yìnyín níwájú kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀, àti àwọn igi kéékèèké méjì-méjì tó ní ìṣó lórí, tí ẹni tó bá já sómi fi ń gún yìnyín láti fa ara rẹ̀ jáde. Kí wọ́n má ṣe kó wọn sínú báàgì. Ọrùn ni kí wọ́n fi kọ́.