Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn Ló Ń Tú Àṣírí Ilé

Ẹni tó bá wọ ilé ńlá àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fèrèsé àti iṣẹ́ ọnà ara ògiri ló sábà máa ń wò. Lójú tèmi, ọ̀nà tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbà ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, torí ibẹ̀ la ti ń mọ irú ojú tí onílé fi ń wo ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ wo Penshurst Place ní Kent, tí Sir John de Pulteney, oníṣòwò tó jẹ olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹrin, kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ parí ní 1341. Àárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà gan-an ni wọ́n ti ń dáná, ojú ààrò ọ̀hún sì wà níbẹ̀ dòní. Lóòótọ́, orí pèpéle ni onílé ń jókòó sí, ọmọ ọ̀dọ̀ wà nísàlẹ̀. N kò sọ pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n èéfín kan náà ló ń ta wọ́n lójú, ojú sì ń rí ojú.

Nígbà tí Bess of Hardwick, obìnrin ọlọ́lá kan, fi máa kọ́ Hardwick Hall ní Derbyshire, láti 1590 sí 1597, nǹkan ti yàtọ̀. Robert Smythson ló ya àwòrán ilé náà. Gíláàsì wọ́n lásìkò yẹn, síbẹ̀ fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ògiri, àwọn tó sì ga jù wà lókè pátápátá, níbi tí ìyáàfin ti ń gba àlejò pàtàkì. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣẹ́ kù sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Roger Pratt, ayàwòrán ilé mìíràn, fi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sí ilé ńlá Coleshill ní Berkshire, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀nà èéfín tí wọ́n mọ sára ògiri ló fa ìyapa yìí, pé òun ló jẹ́ kí yàrá kéékèèké ṣe é gbé nígbà òtútù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín kọ́ ló ní kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn méjì sínú ilé kan. Ẹlòmíràn á ní ẹwà ilé ni ká wò, ká fi ìyókù sílẹ̀. Iṣẹ́ Smythson wú èmi náà lórí gidigidi. Àmọ́ ẹni tó ru omi ìwẹ̀ gòkè, tó gbé ìkòkò ìtọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wà lára ohun tó mú kí ẹwà yẹn ṣe é gbé inú rẹ̀. Iná jó Coleshill ní 1952, wọ́n sì wó o. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ̀yin ará wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá mú àwọn ọmọ yín débẹ̀, ẹ ní kí àwọn tó ń mú àlejò yípo ilé fi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn hàn yín.