Bí Fóònù Bá Yè, Ta La Fẹ́ Pè?

Àpò kan wà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òde rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ń dán bíi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja. Wọ́n ní ká ti fóònù bọ inú rẹ̀, ká pa ẹnu rẹ̀ dé, pé lọ́jọ́ tí EMP bá dé, fóònù gbogbo ayé máa kú, tiwa nìkan ló máa yè. Àwọn kan tún ń ta páálí kékeré tí èèyàn máa so mọ́ bátìrì mọ́tò. Wọ́n ní mọ́tò ọ̀hún kò ní dákẹ́ láéláé. Ẹnì kan nínú wa fi fídíò rẹ̀ sórí gúrúùpù WhatsApp wa, ó ní ká dá owó jọ. Àwa tí à ń kọ software jẹun, àwa tí a lo ọdún gbọọrọ ní yunifásítì torí kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ló kù ká dá owó náà. Ìtìjú ibẹ̀ ló jẹ́ ká jókòó kọ èyí.

Ká má purọ́, EMP kì í ṣe ìtàn ìjàpá. Ìgbì iná àti òòfà ni, tó ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ti kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ní oṣù Keje ọdún 1962, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì kan wò lókè Òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sí ojú òkun. Starfish Prime ni wọ́n pe ìdánwò náà. Ní Hawaii, tó fi ohun tó ju 1,400 kìlómítà jìnnà síbẹ̀, iná òpópónà kú ní àwọn àdúgbò kan, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ olè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìrí olè. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì dán tiwọn wò lókè Kazakhstan, ó sì jó fíúsì orí wáyà tẹlifóònù kan tó gùn tó 570 kìlómítà. Oòrùn pàápàá máa ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì tó ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá pa iná Quebec ní Kánádà, èèyàn bíi mílíọ̀nù 6 sì wà nínú òkùnkùn fún bíi wákàtí 9.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àwọn ìtàn yìí: wáyà, wáyà, wáyà. Bí òjò bá ń rọ̀, orí gbogbo òrùlé ló ń rọ̀ sí, ṣùgbọ́n òrùlé tó bá fẹ̀ ni gọ́tà rẹ̀ ń ya omi gidi. Bí wáyà ṣe ń ṣe pẹ̀lú ìgbì yìí nìyẹn. Wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Jẹ́bà wá sí Òṣogbo, òrùlé ààfin ni. Fóònù tó wà nínú àpò ṣòkòtò yín, tí kò sí lórí ṣájà, ìdérí ìkòkò lásán ni. A kò sọ pé kò lè bàjẹ́ o. A ní òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù.

Mọ́tò ńkọ́? Ìgbìmọ̀ kan tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ EMP gbé ìròyìn jáde ní 2008. Wọ́n kó mọ́tò 37, tí wọ́n ṣe láàárín 1986 sí 2002, wọ́n sì rọ ìgbì náà lé wọn lórí. Èyí tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, 3 péré ló dákẹ́, nígbà tí agbára ìgbì náà tó nǹkan bí 30,000 fóòtì lórí mítà kan. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì tún ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà tó wà nínú mọ́tò òde òní ju ti ayé ìgbà yẹn lọ, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹni tó ń ta páálí mẹ́nu ba ìdánwò yìí rí? Kò lè mẹ́nu bà á. Ẹ̀rù gan-an ni ọjà rẹ̀, páálí yẹn kàn jẹ́ ohun tó fi dì í fún wa ni.

Ó dáa, ká tiẹ̀ gbà pé ọjà wọn ń ṣiṣẹ́. EMP dé, ó lọ. Mọ́tò yín yè. Iná ló ń fa bẹntiróòlù jáde nílé epo, iná sì ti lọ. Fóònù yín yè nínú àpò dúdú. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò kò ní iná, kò sẹ́ni tó lè gbé dísù débẹ̀ torí ilé epo kò ta. Owó yín wà ní báǹkì, báǹkì wà lórí sáfà. Ẹ ti di ẹni tó ní fóònù tó dára jù ládùúgbò. Ta lẹ fẹ́ pè?

Ibi tí inú ti ń bí wa nìyí. Ohun tí ìgbì yẹn máa bàjẹ́, ohun tí a jọ ní ni: wáyà, tiransifọ́mà, òpó, sáfà. Ohun tí wọ́n ń tà fún wa láti fi dáàbò bo ara wa, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi sápò ni. Ká jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, kí olúkúlùkù máa fi ọ̀rá wé bàtà tirẹ̀ kó má bàa tutù!

Ẹ má sì jẹ́ ká máa wo òfuurufú de EMP, bí ẹni pé ẹ̀rọ wa kò tíì máa kú báyìí. Òjò àkọ́rọ̀ kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ọ́fíìsì kékeré tí a háyà n'Íbàdàn, àrá sán. Kò tilẹ̀ bọ́ sórí ilé wa. Òpó iná tó wà níta ló bà. Ó gba wáyà wọlé, ó jó router, ó gba okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé inú láptọ́ọ̀pù méjì, ó sì parí ẹ̀ sínú sáfà tó wà lábẹ́ tábìlì. Inú sáfà yẹn ni àkọsílẹ̀ àjọ àwọn obìnrin ọjà kan wà, torí áàpù àjọ la ń kọ nígbà náà. A ní ẹ̀dà àpamọ́ o. Inú hard drive tí a so mọ́ sáfà yẹn kan náà ló wà! Ẹ̀dà kejì yẹ kó máa gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ sókè òkun lóru, ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, a kò sì wò ó.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná dé, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì rẹ́rìn-ín. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, èyí tó yẹ kó wọlẹ̀ lọ kó lè kó irú iná bẹ́ẹ̀ dà sínú ilẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gé e, ó ká a, ó kì í sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀pá kọ́pà kankan nínú ilẹ̀, kò sí èédú, kò sí iyọ̀. Odindi ilé alájà mẹ́ta! Ẹ lọ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì tiyín wò. Tàbí kẹ́ ẹ bi lándílọ́ọ̀dù léèrè ibi tí wáyà ilẹ̀ wà, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Ìyá alájọ ló yọ wá. A lọ bá a lọ́jà, a dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rọ yín ò wá ní ìwé ni?" Ó tú báàgì rẹ̀, ó kó káàdì jáde, káàdì tí wọ́n fi bírò sàmì sí lójoojúmọ́. Ó ń kà á, à ń tẹ̀ ẹ́. Náírà kan kò sọnù. Àwa sì rèé, oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà la ti ń rọ̀ ọ́ kó kó káàdì yẹn dànù, pé ayé ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ rí i, àwa tí à ń kọ software jẹ̀bi ju àwọn alápò dúdú lọ. A kọ áàpù tí kò lè fi nọ́ńbà kan hàn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún ìṣẹ́jú kan. Ní March 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ò sì rí owó wọn fi ránṣẹ́. Kò sí bọ́ǹbù, kò sí ìjì oòrùn. Kí la wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n tún okùn ṣe, a padà sẹ́nu iṣẹ́, a kọ áàpù mìíràn bákan náà.

Ẹnì kan á ní kí ló burú nínú kí èèyàn tọ́jú nǹkan tirẹ̀. Kò burú. Michael Faraday ti fi hàn láti 1836 pé irin tó yí nǹkan ká pátápátá ń dá iná dúró síta. Ẹ wá páànù bisikíìtì onírin tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ tẹ́ páálí sínú rẹ̀, ẹ fi rédíò kékeré kan àti bátìrì síbẹ̀. Kó má sáà ní ihò. Owó rẹ̀ kò tó ti àpò dúdú yẹn. Ẹ yọ ṣájà lára iná bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti pariwo "Up NEPA!" kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Èyí kò gba fídíò.

Owó tí a fẹ́ dá fún àpò yẹn ńkọ́? A fi ra ọ̀pá kọ́pà, a pe oníṣẹ́ iná, a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Lándílọ́ọ̀dù bínú pé a ba òdòdó òun jẹ́. Áàpù àjọ náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń tẹ ìwé jáde ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. A gbé e lọ han Ìyá alájọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, ó ní ó dáa, a ṣeun. Ó sì ki káàdì rẹ̀ padà sínú báàgì.