Wọ́n ka fóníò tán, wọn ò sọ fún ẹni tó gbìn ín

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá ní Kambolé, a ò sì ní gbé e mì.

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ ka jénóòmù fóníò, ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn Hausa ń pè ní àcà. Jénóòmù ni gbogbo àṣẹ tó wà nínú kóró: bí yóò ṣe ga, ìgbà tí yóò so, bóyá èso rẹ̀ yóò gbọ̀n dànù kí a tó kórè. Yunifásítì KAUST ní Saudi Arabia ló ṣíwájú, àwọn IRD ti ilẹ̀ Faransé sì wà níbẹ̀. Irú 183 ni wọ́n yẹ̀ wò, ti oko àti ti igbó. Guinea, Mali, Bẹ̀nẹ̀, Burkina, Gánà, Niger àti Tógò tiwa yìí ni wọ́n ti kó irúgbìn ti oko jọ, láàrin 1977 sí 1988, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ibí ṣì ń rákòrò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní kì í ṣe ojú ọjọ́ àti ibi tí ilẹ̀ wà nìkan ló ya irú fóníò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ̀yà àti èdè àwọn tó ń gbìn ín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tiwa, kò yani lẹ́nu. Ìyàwó á di irúgbìn mọ́ ẹrù láti ilé bàbá rẹ̀, aládùúgbò á bu fún ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Kò sí aṣọ́bodè tó lè yẹ ìyẹn wò.

Èdè àgbẹ̀ wà nínú kóró, ó dára. Èdè wo ni wọ́n fi kọ ìròyìn rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwa tí a fi Faransé kàwé gan-an, dítíọnárì ló gbà wá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kí ni ká wá sọ nípa ìyá àgbà kan ní ilẹ̀ Akposso, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Ovazu nítorí fóníò yìí?

Àwọn kan ní Sokodé sọ fún wa pé wọ́n jí irúgbìn wa ni, pé ká má fún ẹnikẹ́ni mọ́. A ò gbà. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n kà síta lọ́fẹ̀ẹ́; olè kì í pàtẹ ẹrù tó jí. Irúgbìn tí a bá sì fi pamọ́, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Èyí tó ń bí wa nínú jù ni àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa tó ń sọ pé àgbẹ̀ ò lè yé e. Ẹni tó ń ṣa irúgbìn láti ọdún dé ọdún, òun ni kò ní yé?

Ní Kambolé àti Tchamba, ọkà bàbà la mọ̀ ju fóníò lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti wá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ jénóòmù rẹ̀ jáde ní 2009, irú kan láti Texas ni wọ́n kà, BTx623. Ti fóníò sàn jù, Mali ni wọ́n ti mú tirẹ̀. Ọmọ kan bi wá ní kíláàsì pé kí ni orúkọ ìyá tó fún wọn ní irúgbìn ọ̀hún. A wá a. CM05836 la rí.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹni tó bá wá gba irúgbìn ní Tchamba, kó kọ orúkọ ẹni tó fún un, kó sì padà wá lọ́jọ́ ọjà, kó sọ ohun tó rí ní èdè ibẹ̀. Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi: nínú SVT, petits pois Mendel la ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí i lóko rí. Ní sáà tó ń bọ̀, ọkà bàbà la ó fi kọ́ wọn.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tí Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún, ẹ bá wa túmọ̀ àkópọ̀ iṣẹ́ 2020 yẹn sí Yorùbá, ojú ìwé kan péré. Àwa ó yí i sí ti Kambolé, a ó sì wá ẹni tí yóò sọ ọ́ ní Tem.