Ọmọdé Dà Nínú Gbọ̀ngàn?

Èmi tí mo máa ń kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé lọ wo eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní Sátidé tó kọjá. Lọ́jọ́ kejì, àwa òǹkọ̀wé péjọ, a jẹun, a sì sọ̀rọ̀ ìwé títí ilẹ̀ fi ṣú. Eré náà dùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò tó kún gbọ̀ngàn, ọmọdé tí mo rí kò pé mẹ́wàá. Ó kọ mí lóminú. Ta ni yóò wo eré lọ́la? Ta ni yóò ka ìwé wa?

Láti inú kíláàsì ni tíátà wa ti jáde. Olùkọ́ ni Hubert Ògúndé kó tó di ọlọ́pàá àti eléré. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ ni Dúró Ládipọ̀, tó sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní 1962, tó sì gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Ohun tí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ nínú orúkọ náà ni pé: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ yan ìtàn kan nínú ìwé kíkà, kí àwọn ọmọ fi ṣeré lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ra ti ọmọ mọ́ ọn. Bí ọmọ kò bá rí i, báwo ni yóò ṣe yọ̀?